Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ lórí fóònù yín nìkan, ẹ má jókòó dè é

Ní agbègbè Atakpamé, láti Gnagna títí dé àwọn abúlé ọ̀nà Anié, kò sí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í lọ mọ́ lọ́wọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ti mọ́ wa lára. Bí fóònù bá dákẹ́ láàárọ̀, ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà yóò sọ ọ́ sínú àpò, yóò máa tajà rẹ̀ lọ, yóò ní bó bá yá, á padà bọ̀. Sùúrù yìí gan-an ni olè ń fẹ́. Nítorí nígbà mìíràn, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Nọ́ńbà yín ló ti wà lórí fóònù ẹlòmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Nọ́ńbà tí ẹ ń lò kò sí nínú fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni kò dúró sínú káàdì kékeré tí à ń pè ní SIM, èyí tí àwọn ará ibí mọ̀ sí puce. Inú ìwé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló wà. Bí káàdì bá sọnù, ẹ ó mú ìwé ìdánimọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọn á gbé nọ́ńbà náà sórí káàdì tuntun, ti àtijọ́ á sì kú. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá mú ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú lọ síbẹ̀ tó sì ń jẹ́ orúkọ yín, tàbí tó bá ní ẹni tó mọ̀ nínú ọ́fíìsì náà, ọwọ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà yóò bọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ará oko nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n gba nọ́ńbà ọ̀gá àgbà Twitter fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi kọ ìsọkúsọ sójú-ewé rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2024, ó kan SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Ọ̀dọ́kùnrin kan tẹ ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní ìlú Huntsville, ó sì gba káàdì tuntun lórí nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi nọ́ńbà náà wọ ojú-ewé àjọ náà, wọ́n gbé irọ́ síbẹ̀, owó bitcoin sì fò sókè ju 1,000 dọ́là lọ. Ẹ̀wọ̀n oṣù 14 ni ilé ẹjọ́ dá fún un ní ọdún 2025. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ náà, ní ẹ̀sùn 320 ni àwọn gbà lórí irú olè yìí láti ọdún 2018 sí ìparí 2020. Ní ọdún 2021 nìkan, ó di 1,611, owó tó bá a lọ sì lé ní mílíọ̀nù 68 dọ́là.

Níbí, nọ́ńbà ni báńkì wa. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fi owó Novissi ran àwọn tí ìṣẹ́ ń bá jà lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020, orí fóònù ni wọ́n san án sí. Owó àgbàdo, owó ọjà tó ń ti Lomé bọ̀, owó iléèwé ọmọ, orí Flooz ló ń gbà, tàbí orí Tmoney, tí wọ́n sọ di Mixx by Yas ní ìparí ọdún 2024. (Orúkọ tuntun bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́tàn máa ń fẹ́: "Màmá, a fẹ́ bá yín yí àkáǹtì yín padà sí tuntun.")

Àmọ́ nọ́ńbà nìkan kò ṣí àpò owó náà. Ó ku nọ́ńbà àṣírí. Ìdí nìyí tí olè fi ń kọ́kọ́ pè. Á sọ Faransé, á sọ Ewe, ó sì lè sọ èdè wa. Á ní ilé iṣẹ́ ló rán òun. Á béèrè ọjọ́ ìbí yín, nọ́ńbà tó wà lára ìwé ìdánimọ̀, ẹni tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí kẹ́yìn. Gbogbo èyí dà bí ọ̀rọ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tí òun náà yóò fún ilé iṣẹ́ ló ń kó jọ. Ẹ gbé fóònù náà sílẹ̀. Bó bá sì ní owó òun ló ṣèèṣì wọlé sọ́dọ̀ yín, ẹ wo iye tó wà nínú àpò yín fúnra yín, kì í ṣe iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́. Ẹ ní kó lọ bá ilé iṣẹ́, àwọn ni yóò gbà á padà fún un.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pe nọ́ńbà àṣírí wọn sókè fún ọmọ tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn láti bá wọn gba owó. A kò bá wọn wí. Ẹni tí kò kàwé ń wá ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó lè ka owó ọjà láìṣìrò lè kọ́ nọ́ńbà tẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Kí ọmọ ilé jókòó tì í, kó kọ́ ọ. Kó má sì jẹ́ ọdún tí wọ́n bí i ni yóò fi ṣe nọ́ńbà náà.

Ìbéèrè kan tún wà tí a fẹ́ kí gbogbo ilé bi ara wọn lálẹ́ òní: orúkọ ta ni nọ́ńbà yìí wà? Ẹlòmíràn ra káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ti ẹlòmíràn, ọmọ ló fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á, ọmọ náà sì ti lọ sí Nàìjíríà. Ọjọ́ tí olè bá gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ìwé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ọ́fíìsì yóò béèrè, kì í ṣe tiyín. Olè á wá ní ìwé ju oní-nǹkan lọ. Bí ẹni náà bá ṣì wà nítòsí, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n yí i sí orúkọ yín.

Bí fóònù bá wá dákẹ́, ẹ wo ti aládùúgbò tó ń lo ilé iṣẹ́ kan náà. Bí tirẹ̀ náà bá dákẹ́, ẹ ṣe sùúrù. Bí tirẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ pa tiyín kí ẹ tún un tan. Bí kò bá padà, ẹ yá fóònù, ẹ pe ilé iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti nọ́ńbà àti àpò owó náà pa. Ẹ pe ará ilé pẹ̀lú, kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fi nọ́ńbà yín bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Tógò láti ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2018.

Ẹ̀yin tó ń lo WhatsApp, nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé lórí fóònù yín kì í ṣe ohun à ń kà fún ènìyàn. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí kún WhatsApp fúnra rẹ̀, nínú ètò àkáǹtì rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ tẹ kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21*, ìpè yín ló fẹ́ darí sọ́dọ̀ ara rẹ̀. ##002# ni ẹ ó tẹ̀ láti fagi lé e.

Ní tiwa, kò tọ́ kí gbogbo ẹrù yìí wà lórí oníbàárà. Ó yẹ kí ARCEP, àjọ tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, pa á láṣẹ pé bí nọ́ńbà bá ti bọ́ sórí káàdì tuntun, kí owó má lè jáde nínú àpò rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù ní tòótọ́ yóò bínú, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Síbẹ̀, yóò bá owó rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sì ń múra àtirìnrìn àjò, kí ó rán an létí: nọ́ńbà tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ lè tà á fún ẹlòmíràn. Kó gba owó inú rẹ̀ tán, kó sì yọ WhatsApp rẹ̀ kúrò lórí nọ́ńbà náà kó tó wọkọ̀.