Níbo Lọ̀rọ̀ Yìí Ti Wá? Ẹ Dá Ọmọ Lóhùn

Bí ọmọdé bá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ìgboro kan ti wá, ohun tá a sábà máa ń sọ fún un ò ju méjì lọ: "Dákẹ́, ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù," tàbí "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ ọmọ ìta yẹn?" Lójú tèmi, méjèèjì ò dáa.

Ẹ jẹ́ ká mú "jápa." Ọmọ tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti jápa lọ sí Kánádà lè béèrè pé kí ló já. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. "Já" yẹn náà ni ti ewúrẹ́ tó já okùn: ó ti bọ́, kò wẹ̀yìn mọ́. "Japa" ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, bí "okada" àti "danfo" ṣe wọ̀ ọ́ ní 2020. Ọ̀rọ̀ tá à ń fi pàṣán lé jáde nílé, Òyìnbó ti gbà á sílé.

Àwa tá à ń gun ọ̀kadà láti Òkè-Àgbò lọ sí Àgọ́-Ìwòyè ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ti sọ fún ọmọ pé orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Edo ni, pé Gabriel Igbinedion fi sọ iléeṣẹ́ bàálù rẹ̀ lórúkọ, Okada Air, káwọn èèyàn tó fi ẹ̀fẹ̀ gbé e fún alùpùpù?

Ọmọ míì tiẹ̀ lè ní ṣé àwọn ará Japara, aládùúgbò wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ́kọ́ jápa ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì dá a lóhùn: Japara ti wà kẹ́nikẹ́ni tó máa wá físà kiri. Á tibẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọra ló jẹ́ ọmọ ìyá.

Ibi tó ti wá le gan-an rèé. Kí ló dé tí wọ́n ń pe gbájúẹ̀ ní 419? Mo kọ́ nípa òfin ní yunifásítì, ìdáhùn ẹ̀ ò ṣòro: nọ́ńbà abala tó fòfin de fífi irọ́ gba nǹkan oní-nǹkan ni, nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà. Ẹni tó bá pe 419, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ló pè. Nígbà tí jìbìtì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ iléeṣẹ́ ímeèlì rọ́pò nọ́ńbà òfin, ó di "yahoo." Ní báyìí, wọ́n ní bọ̀ọ̀dá kàn "ń press" ni, ẹni tí wọ́n ń jà lólè sì di "client," ọ̀rọ̀ táwọn lọ́yà fi ń pe oníbàárà wọn. Orúkọ ń dùn sí i, ẹ̀ṣẹ̀ ò yí padà. Ọmọ tó mọ ìtàn 419, orúkọ dídùn ò ní tètè tàn án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, ní OOU àti káàkiri ìgboro, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ẹnu yín làwọn àbúrò yín ń wò. Tí wọ́n bá béèrè, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní "jẹ́ ká jọ wá a." Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà nílé tó ti wá.