Àgbákò Kò Nílò Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn òǹwòran láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn, tí àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé náà sì ti ń gbè é: wọ́n ní ìtàn abanilẹ́rù, ìyẹn ìtàn tí wọ́n kọ kí àyà òǹkàwé lè já, kò ṣeé sọ di fíìmù nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé kò sí owó àti ẹ̀rọ bíi ti Amẹ́ríkà. Ìwé tí wọn kì í yéé tọ́ka sí ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938; wọ́n á ní ta ni yóò ya àwòrán Àgbákò, ẹni tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká? Bí wọ́n bá ti béèrè èyí tán, wọ́n gbà pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdí irọ́ náà ni pé wọ́n rò pé ohun tí ojú bá rí nìkan ni ó ń dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ ará Ìbàdàn ló yẹ kí ó kọ́kọ́ já wọn nírọ́, nítorí pé Olóòlù, eégún Òde Ajé tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn, ń jáde nílùú wọn. Bí ìlù rẹ̀ bá ti ń dún bọ̀, ìyá tí ó ń wọn ẹ̀wà yóò ju kóńgò sílẹ̀, yóò wọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé, yóò sì ti ilẹ̀kùn gbọin. Kò rí eégún, ìró ìlù àti ariwo àwọn ọkùnrin nìkan ni ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá a, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń já ju ti ẹni tí ó ń tẹ̀lé eégún lójú títì lọ.

Tipátipá ni Steven Spielberg, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí ó ń sọ Jaws, ìwé Peter Benchley nípa ẹja òkun tó ń pa ènìyàn, di fíìmù tí ó jáde ní 1975: ẹja onírin tí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ ṣáá nínú òkun, ó di dandan kí ó fi í pamọ́, kí ó fi orin àti omi lásán dẹ́rù ba ènìyàn. Àwọn tí ń forí balẹ̀ fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í sọ ìyẹn.

Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù Yorùbá, kò dúró de ìjàǹbá kankan kí ó tó sọ ìtàn Adébáyọ̀ Fáléti di fíìmù Thunderbolt: Mágùn. Mágùn, òògùn tí ọkọ tó fura fi ń dẹ aya rẹ̀ kí ó lè pa ọkùnrin tó bá bá a lò, kò ní ìwo, kò ní ìrù. Obìnrin tí wọ́n fi í sí lára nínú fíìmù náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín, òǹwòran tí ó mọ ohun tó wà lára rẹ̀ ni jìnnìjìnnì ń bò. Kọ̀ǹpútà mélòó ni ìyẹn gbà?

Ní ti owó tí wọ́n ní kò sí, Hubert Ògúndé, ọ̀gá eléré orí ìtàgé, kò dúró dè é kí ó tó kó àwọn àjẹ́ orí ìtàgé rẹ̀ sínú fíìmù Aiyé ní 1979. Ní ti èdè inú ìwé, tí wọ́n tún ní yóò sọnù bí ó bá di fíìmù, ṣé odi ni àwọn òṣèré ni?

Kí ẹni tí yóò sọ ìwé Fágúnwà di fíìmù wọ igbó lóru, kí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kọjú sí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, kí Àgbákò sì sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn. Ìyókù kò le. Ẹni tó bá tún ní kò ṣeé ṣe, ọ̀lẹ ni, kí ó yéé fi àìlówó bojú.