Kílò Kan Kì Í Ṣe Pọ́n-ùn Méjì

Ẹ̀yin ará wa tó ń di ẹrù lọ sókè òkun, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bímọ sí Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà tí kò rí bẹ́ẹ̀: pé kílò kan jẹ́ pọ́n-ùn méjì, pé bí a bá ti pín pọ́n-ùn sí méjì, kílò dé nìyẹn. Irọ́ ni. Láti ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn ti fẹnu kò pé pọ́n-ùn kan jẹ́ kílò 0.45359237, kò lé, kò dín. Kílò kan wá jẹ́ pọ́n-ùn 2.2 àti díẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Kí ni 0.2 fẹ́ ṣe?" Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ wo èrò tí wọ́n ní kí báàgì rẹ̀ má ju pọ́n-ùn 50 lọ. Ó pín in sí méjì, ó di ẹrù títí òṣùwọ̀n ilé fi dé kílò 25, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn 50 kò tó kílò 23. Ẹrù rẹ̀ ti fi kílò méjì àti díẹ̀ lé kó tó jáde nílé. Ní pápákọ̀ òfurufú ni yóò ti tú báàgì sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, tí yóò máa yọ gààrí àti èlùbọ́ tó fowó rà, tàbí kó san owó àsanlé.

Ti ẹrù ṣì ṣe é gbà mọ́ra. Ti ọmọ tuntun kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ tí kò bá tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i sí ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá pè láti òkè òkun pé ọmọ jẹ́ pọ́n-ùn 5, ẹni tó ń pín in sí méjì á ní kílò 2.5 ti pé, kò séwu. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò tó kílò 2.3! Ìṣirò yẹn ti fi ọmọ tó yẹ ká mójú tó sáàárín àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá.

Dída kílò pọ̀ mọ́ pọ́n-ùn tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní July 23, 1983, ọkọ̀ òfurufú Air Canada kan tó ń lọ sí Edmonton nílò epo kílò 22,300. Àwọn tó ṣírò epo fi 1.77 sọ lítà kọ̀ọ̀kan di kílò, bẹ́ẹ̀ iye pọ́n-ùn inú lítà kan ni 1.77. Epo tó wọnú ọkọ̀ kò tó ìdajì èyí tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lójú òfurufú. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ rẹ̀, Robert Pearson, tó ti mọ bí a ṣe ń fò láìsí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n fi gúnlẹ̀ sí ìlú Gimli ní Kánádà láìsí ẹni tó kú.

Ìṣirò tó sún mọ́ òótọ́ kò le. Ẹ sọ kílò di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi ìdámẹ́wàá ohun tí ẹ rí lé e: 23 di 46, ẹ fi 4.6 kún un, ó di 50.6. Láti pọ́n-ùn sí kílò, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ yọ ìdámẹ́wàá: 50 di 25, ẹ yọ 2.5, ó ku 22.5.

Níbi oògùn ọmọ, ẹ má forí ṣírò rárá; ẹ gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n kílò. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà lásán sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹ kọ kílò tàbí pọ́n-ùn sí i nígbà gbogbo.