Iṣẹ́ Wo Ni Ọjà Ń Wá? Ẹ Bi Wá

 

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ẹ ka ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ti onídìrí láti ẹnu géètì ọjà wa dé ìsọ̀ eléja. Wọ́n ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí firísà eléja tútù bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ta la ó pè? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo wa la sì ń tò dè é. Kó tó dé, ẹja ti bàjẹ́, gbèsè sì wà lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sólà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí owó bẹntiróòlù sì fò sókè, ọ̀pọ̀ wa ti pa jẹnẹrétọ̀ tì, a ra sólà àti bátìrì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá wa so ó, wọn ò kọ́ ọ níbì kan, owó wa ni wọ́n fi ń dánra wò.

Síbẹ̀, tí olóṣèlú bá fẹ́ ṣe ìrànwọ́, máṣíìnì ìránṣọ àti dráyà náà ni yóò tún pín. Oṣù mẹ́ta ni ìkọ́ṣẹ́, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. A mọ àwọn tó ta máṣíìnì náà kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì (inú ọjà yìí náà ni wọ́n ti tà á). A ò bá wọn wí. Ta ni yóò gbé aṣọ fún télọ̀ kọkànlá?

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé ní 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ wá láti òkè òkun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Níbi púpọ̀, inú àpótí ló dípẹtà sí, kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011 wọ́n kó iṣẹ́ 34 wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní 2025 wọ́n tún un tò, ó ku 6: sólà, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, aṣọ rírán, iṣẹ́ ẹwà, ẹran sísìn àti ohun ọ̀gbìn. Sólà àti fóònù yẹn dára, a kí wọn. Àmọ́ ta ni yóò kọ́ wọn? Ṣé tíṣà tí kò so wáyà rí ni? Àwọn ọ̀gá tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun wà níta níbí. Kí ìjọba sanwó fún wọn, kí ọmọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ní Jámánì, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń wà nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó kù, ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ló sì ń sanwó fún un. Àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ máa ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n ó kọ́ ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ló ń sanwó fún ọ̀gá, á tún máa pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ o.

Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni firísà. Àwọn ọmọbìnrin wa lè ṣe é.

Ohun tí a fẹ́ nìyí: kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ iṣẹ́ tí a ń wá tí a ò rí, kó sì kọ orúkọ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n tó lè gba ọmọṣẹ́. Kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. A ó kó o lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó ra máṣíìnì mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ojú wa ò ríran bíi tàtijọ́ mọ́.