Okùn Ọrùn Kò Yẹ Adìẹ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé ohun tó yẹni ní í yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sì ń pa òwe yìí lóde òní ni ó ń jẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ ẹnu, tí wọ́n gbà pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé kí á fi adìẹ sílẹ̀ kí ó máa jẹ̀ káàkiri bó ti wù ú. Ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ aládìẹ rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń so ó ní tirẹ̀, ewúrẹ́ ni ó ni okùn ọrùn. Òwe náà kò ní kí á má so adìẹ. Ibi tí okùn yóò wà ni ó ń kìlọ̀ fún wa.

Òwe yìí ni mo fẹ́ kí òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ní Idu, ní Àbújá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra lọ sí Kàdúná láti ọdún 2016, fi ṣe atọ́nà nígbà tó bá ń wá ìwé ìṣirò. Irú òbí bẹ́ẹ̀ a máa kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìtàn láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ìṣirò, àyà rẹ̀ a já, a sì sáré ra èyí tí aládùúgbò ń lò, tàbí èyí tí àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi dọ́là rà ránṣẹ́.

Ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó yẹ. Ìwé tí John Saxon kọ, ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, a máa gé ìṣirò wẹ́wẹ́, ohun tí ọmọ kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá yóò sì tún bá a lónìí àti lọ́la títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ọmọ tó ń tètè gbàgbé rí alábàárò, ọmọ tó ń tètè lóye a máa tòògbé lórí rẹ̀. Ìlànà ti Singapore, ti àwọn ọdún 1980, a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣeé dì mú, a bọ́ sórí àwòrán, kí ó tó kan nọ́ńbà lásán. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ òbí tí yóò jókòó ti ọmọ. Bàbá tí ilé iṣẹ́ kò fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó rà á nítorí òkìkí rẹ̀, ọrùn adìẹ ló so okùn sí.

Ìjọba pàápàá ti so irú okùn bẹ́ẹ̀ rí. Ìṣirò tuntun tí àwọn onímọ̀ kọ ìwé rẹ̀ ní Entebbe, ní Uganda, láti ọdún 1962, wọ ilé ìwé wa pẹ̀lú ariwo ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò gba ẹ̀kọ́ tó láti fi kọ́ni, òbí tó fi ìwé ìṣirò àtijọ́ ti Larcombe mọ ìṣirò kò sì lè ran ọmọ lọ́wọ́ lálẹ́. Ní 1977, Ọ̀gágun Ahmadu Ali, Kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kéde pé kí wọ́n pa á tì. Èmi kò gbà pé ìṣirò náà burú. Ọwọ́ tí wọ́n fi í lé ni kò gbà á.

Síbẹ̀, kí òbí má tìtorí èyí fi ọmọ sílẹ̀ láìso. Ọmọ náà yóò ṣe ìdánwò WAEC lọ́jọ́ kan, ìdánwò náà kì yóò sì béèrè ínṣì tó kún inú ìwé Amẹ́ríkà. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé Nàìjíríà ń kọ́, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Sheda, ní Àbújá níbí kan náà, ni kí ẹ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yòówù tí ẹ bá rà, kí ẹ sì fi tilé dí àlàfo rẹ̀: bí ọkọ̀ ojú irin bá rin 186 kìlómítà láti Idu dé Kàdúná ní wákàtí méjì, mélòó ló rìn ní wákàtí kan? Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì di ìṣirò mọ́ ọmọ lójú, ẹ ṣí i ní Yorùbá. Iṣẹ́ ìwádìí lórí fífi Yorùbá kọ́ni tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ Oòdáyé ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tó fi èdè abínibí kẹ́kọ̀ọ́ kì í rẹ̀yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé náà síwájú ọmọ, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi ṣe é tán.