Ta Ló Sọ Pé Bàálù Gẹ̀ẹ́sì Tó Sọnù Kò Kàn Wá?

Àwọn ènìyàn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé, bí ọwọ́ wọn bá ti dilẹ̀, títọpa bàálù ogun ni iṣẹ́ wọn. Gbogbo bàálù tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ náà ní, ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí RAF, ló ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀ lára, bíi P9374 tàbí BK716. Bàálù méjì kì í jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ní káàdì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n ń kọ ìrìn àjò rẹ̀ sí: ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ gbé e jáde, ẹgbẹ́ tó gbà á, ọjọ́ tó já tàbí tí wọ́n tú u palẹ̀. Káàdì mìíràn wà fún ìjàǹbá. Àwọn tí mo ń sọ yìí ń ka káàdì wọ̀nyí, wọ́n ń fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ ogun, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń wọ inú omi, títí wọn yóò fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí gan-an ni bàálù yìí parí ayé rẹ̀ sí.

Olùkọ́ kan bá mi níbi tí mo ti ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni. Ogun òyìnbó, bàálù òyìnbó, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?” Gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí rárá. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń sọ ọ́. Ẹnu ọ̀pọ̀ òbí ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi pàápàá. Àwọn ni mo ń bá jà nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, Ítálì gbè sẹ́yìn Jámánì nínú ogun, Òkun Mẹditaréníà sì di ojú ewu fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ wọ́n nílò bàálù ní Íjíbítì ní kánjúkánjú. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n di bàálù sínú àpótí pákó ńláńlá, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń so ìyẹ́ mọ́ wọn lára. Wọ́n á wá gbéra: Accra, Èkó, Kánò, Màídúgùri, Fort Lamy tó ti di N'Djamena, wọ́n á la ilẹ̀ Sudan já dé Khartoum, kí wọ́n tó yà sí àríwá lọ sí Káírò. Ìrìn àjò náà lé ní máìlì 3,500.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra. Blenheim kan ló ṣáájú, Hurricane mẹ́fà sì ń tẹ̀lé e bí ọmọ adìyẹ ṣe ń tẹ̀lé ìyá. Ìdí rẹ̀ ni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń jókòó nínú Hurricane. Òun ni yóò wà á, òun náà ni yóò tún máa wá ọ̀nà. Blenheim gba ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa wo àwòrán ilẹ̀ lọ. Bí ìyá bá ṣìnà, àwọn ọmọ ti ṣìnà nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá sì fẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, tí epo ń tán lọ, ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á gbìyànjú láti bà sí. Àwọn kan rí ibi bà sí. Àwọn kan já.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló gba ọ̀nà yẹn kọjá ní àwọn ọdún náà. Ẹ tún wo orúkọ àwọn ìlú tí mo kà: Èkó, Kánò, Màídúgùri. Ṣé ìlú òyìnbó ni? Bí ẹnì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń wá ibi tí Hurricane kan já sí láàrin Kánò àti Màídúgùri, ta ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù? Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà níbẹ̀ ni, àti darandaran tó ń kó màlúù gba ibẹ̀ lọ́dọọdún, àti ọmọ ilé ìwé tí bàbá bàbá rẹ̀ rí iná tó sọ lóru ọjọ́ náà. Ara Blenheim, alumíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun tí àwọn tó ń da ìkòkò nílẹ̀ wa ń wá kiri. Bóyá ọbẹ̀ ẹnì kan ń hó lọ́wọ́ báyìí nínú ìyẹ́ bàálù, ta ló máa mọ̀? Káàdì tó wà lọ́hùn-ún lè sọ ọjọ́ tí bàálù kan sọnù. Ibi tó ṣubú sí àti ohun tí àwọn ará abúlé ṣe fún òkú tàbí alààyè tó wà nínú rẹ̀, ẹnu àwọn ènìyàn wa ni ìyẹn wà. Iṣẹ́ náà kò lè parí láìsí wa, àwa la wá ń sọ pé kò kàn wá!

Ẹ̀yin tí bàbá bàbá yín jagun ní Bọ́mà, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ìpín ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ àfonífojì Kaladan ní 1944, kò sí títì tí mọ́tò lè gbà gbé ẹrù wá bá wọn. Ojú ọ̀run ni oúnjẹ, ọta ìbọn àti oògùn ti ń bọ́ sílẹ̀ fún wọn, láti inú bàálù Dakota. Ẹni tí kò bá ka bàálù yẹn sí nǹkan, kó rántí pé ohun tó jù sílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ àgbà jẹ tó fi padà wálé wá bímọ.

Owó ńkọ́? Owó tiwa náà wà níbẹ̀. Ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi £5,000 dá iye lé Spitfire kan, wọ́n sì ní kí ìlú tàbí ẹgbẹ́ tó bá lè dá iye yẹn wá dá a, orúkọ tó bá fẹ́ ni wọn yóò kọ sára bàálù náà. Àwọn ènìyàn dáwó ogun ní Nàìjíríà. Ti Gold Coast pọ̀ débi pé RAF fi orúkọ ilẹ̀ wọn pe ẹgbẹ́ bàálù méjì, 218 àti 249. Stirling tó ń jẹ́ BK716, tí mo dárúkọ lókè, ẹgbẹ́ 218 yìí ló ni ín. Ó lọ ju bọ́ǹbù sí Berlin ní òpin oṣù Kẹta 1943, kò sì padà dé mọ́. Ènìyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Inú adágún Markermeer ní ilẹ̀ Netherlands ló wà fún ọdún 77, títí wọ́n fi gbé e jáde ní 2020. Wọn kò kàn fi irin kọ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n fà á bí ẹni fa mọ́tò tó kú. Wọ́n sẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi náà bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ṣe ń sẹ́ èlùbọ́, wọ́n ń wá egungun àwọn ọmọkùnrin méje yẹn. Ìjọba Netherlands ló ń sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ọmọ wọn ló wà nínú bàálù náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ènìyàn méjì, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ti gbọ́ ọ rí. Peter Thomas jẹ́ ọmọ Èkó. Òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gágun nínú RAF. Ó kú nínú ìjàǹbá bàálù ní 1945, ogun kò sì ní pẹ́ parí mọ́. (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní Nàìjíríà. Ilé kan náà!) Ẹnì kejì ni Akin Shenbanjo, tó wà nínú ẹgbẹ́ 76, tó ń bójú tó rédíò nínú bàálù Halifax. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi inagijẹ rẹ̀ sọ bàálù náà lórúkọ. Wọ́n kọ “Achtung! The Black Prince” sí i lára gàdàgbà. Èdè Jámánì ni Achtung, bí ìgbà tí ènìyàn bá pariwo pé “Ẹ ṣọ́ra o!” ni. Ọmọ Yorùbá kan ni wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún Hitler lójú ọ̀run! Mi ò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa kà ní kíláàsì. Ọ̀dọ̀ àwọn “aláìníṣẹ́” tó ń ka nọ́ńbà bàálù ni mo ti rí i.

Bàálù ló ṣínà fún mi dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ìranù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Cy Grant náà nìyẹn. Ọmọ Guyana ni, òun ló ń júwe ọ̀nà nínú Lancaster kan tí wọ́n yìn lulẹ̀ ní Netherlands ní oṣù Kẹfà 1943. Jámánì mú un ní ẹrú ogun fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ará Netherlands kan tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí bàálù náà já nítòsí ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí wádìí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí náà ló mú òun àti Grant pàdé, ibẹ̀ ni Grant àti ọmọ ọkùnrin yẹn sì ti jọ kó orúkọ àwọn ọmọ Caribbean tó fò fún RAF jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí Grant tó kú ní 2010. Àwọn ará Caribbean ti ní ìwé tiwọn. Tiwa dà?

Ṣùgbọ́n mi ò ní yin àwọn olùtọpa yìí láìní bá wọn wí. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn irin ju ènìyàn lọ. Ní 2012, ará Poland kan tó ń ṣiṣẹ́ epo rí Kittyhawk ET574 nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì, ó jókòó jẹ́jẹ́ lórí iyanrìn bí ẹni pé àná ló bà síbẹ̀, láti oṣù Kẹfà 1942. Dennis Copping ló wà á, ọmọ ọdún 24. Ó hàn pé kò kú sínú rẹ̀. Ó jáde, ó sì rìn wọ inú aṣálẹ̀. Bàálù ti dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní El Alamein. Nígbà tí wọ́n tún un kùn ní ọ̀dà, àwọn olólùfẹ́ bàálù figbe bọnu pé ọ̀dà kò dọ́gba. Copping kò ní ibojì. Ẹni tó bá ní ohùn láti fi pariwo lórí ọ̀dà, kó fi ìlàjì rẹ̀ pariwo lórí ọmọ ènìyàn yẹn.

Ẹ wo Bọ́mà pẹ̀lú. Ní 2013, wọ́n kó ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Yangon nítorí ìròyìn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ri Spitfire mọ́lẹ̀ síbẹ̀ nínú àpótí nígbà tí ogun parí. Wọ́n gbẹ́ títí, wọn ò rí ẹyọ kan. Kí ló fa gbogbo wàhálà yẹn? Owó ni. Spitfire P9374, tó já sétí òkun Calais ní oṣù Karùn-ún 1940, tí iyanrìn sì tú síta ní 1980, £3.1 mílíọ̀nù ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2015. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé púpọ̀ nínú owó náà lọ sí iṣẹ́ àánú. Síbẹ̀, ní Runnymede, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ orúkọ tó lé ní 20,000 sára ògiri, orúkọ àwọn tó fò lọ tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Kò sí gbàǹjo fún àwọn yẹn.

Àwọn alátakò mi yóò sọ pé ebi ń pa wá, pé iná ò sí, pé àkókò kọ́ nìyí láti máa wá bàálù àtijọ́. N kò sọ pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀. Ìjọba tó yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ tí à ń kọ́ nílé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá a padà, kí ni mo fẹ́ retí lọ́wọ́ wọn? Ìwé àjákọ kan àti gègé kan tó. Àkókò ogun yẹn ni wọ́n la pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Àwọn kan ló ro igbó ibẹ̀, àwọn kan gbé òkúta, àwọn ọmọdé sì máa ń sáré jáde wo bàálù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1942 ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní irú bàbá tàbí ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, kó jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní kí wọ́n tó sùn, kó bi wọ́n pé: Bàálù wo lẹ rí? Apá ibo ló gbà lọ? Ṣé ó padà?