Ẹ Fi Etí Eku Sílẹ̀

Àbúrò mi obìnrin kò lè lo yẹtí tí kì í ṣe wúrà. Ó ti máa ń lo yẹtí olówó pọ́ọ́kú tẹ́lẹ̀ láìsí nǹkan, títí ó fi wọ ọ̀kan lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, etí ti wú, ó ń yún un, omi ń sun níbẹ̀. Níkẹ́lì inú irin yẹtí náà ni. Láti ìgbà yẹn, bí bọ́tìnnì jíǹsì bá kan ikùn rẹ̀, ara á sú. Bí irin aago bá kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ara á sú. Bí àlẹ́jì awọ ṣe rí nìyẹn: ohun tí ara bá ti kà sí ọ̀tá, kì í sábà gbàgbé rẹ̀.

Nítorí irú èyí ni òfin fi ní kí wọ́n yẹ kẹ́míkà wò kí ó tó délé wa. Òfin tó dára ni. Ohun tí mo ń bá jà ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn etí eku.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kán kẹ́míkà sí ẹ̀yìn etí eku méjèèjì, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ nírù, kí èròjà tó ń tan ìtànṣán lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n á pa á, wọ́n á yọ kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ tí ara fi ń bá àrùn jà, wọ́n á wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ó kéré tán, eku 16 ló ń bá kẹ́míkà kan ṣoṣo lọ. Ọdún 2002 ni OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà, fi ìlànà yìí sínú ìwé rẹ̀, wọ́n sì pè é ní àánú, torí guinea pig ni wọ́n ń lò ṣáájú, tí wọ́n á fá irun ara rẹ̀, tí wọ́n á máa lẹ kẹ́míkà mọ́ ọn títí awọ á fi pọ́n.

Wọ́n ní àwọn ti dín ìyà ẹranko kù. Láti 1959 ni onímọ̀ méjì, Russell àti Burch, ti kọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí a dín iye ẹranko kù, kí a dín ìrora wọn kù, kí a sì fi ohun mìíràn rọ́pò wọn. Dídín kù ló rọrùn lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Èmi kò fara mọ́ dídín kù mọ́. Ní ti àlẹ́jì awọ, kí wọ́n dá a dúró pátápátá ni.

Eku gan-an kò mọ iṣẹ́ náà. Níkẹ́lì tó ba etí àbúrò mi jẹ́ wà lára ohun tó ń fa àlẹ́jì awọ jù lọ láyé, síbẹ̀ etí eku sábà máa ń sọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀: ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí níkẹ́lì máa ń rọ̀ mọ́, eku ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí níkẹ́lì ń dì mú gan-an kò sí lára tirẹ̀. Ẹ tún wo sodium lauryl sulphate, tó ń mú ọṣẹ ìfọyín àti ọṣẹ ìfọrun hó. Ó lè ta ènìyàn lára lóòótọ́, àmọ́ a kì í kà á mọ́ ohun tó ń fa àlẹ́jì. Eku ní àlẹ́jì ni. Ẹlẹ́rìí tó dákẹ́ lórí níkẹ́lì, tó wá figbe ta lórí ìfófòó ọṣẹ, ṣé òun la fẹ́ fi ara ọmọ wa lé lọ́wọ́? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ohun tó yẹ ká lò sì wà nílẹ̀. Kẹ́míkà kì í dédé di àlẹ́jì. Ó kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ pròtéènì inú awọ, sẹ́ẹ̀lì awọ á figbe bọnu, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́nà á sì gbé ìròyìn lọ fún àwọn ọmọ ogun ara. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyẹ̀wò tirẹ̀ báyìí. Ti àkọ́kọ́, inú ìgò ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn ni wọ́n fi ohun tó ń mú kòkòrò tannátanná tàn lóru sí. Bí kẹ́míkà bá yọ ọ́ lẹ́nu, yóò tàn yanran. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún kan ní Japan, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú, ni wọ́n ń lò. Níkẹ́lì tó ń bọ́ lọ́wọ́ eku, sẹ́ẹ̀lì ọmọ yìí ń mú un. OECD gba méjì wọlé ní 2015, ó gba ẹ̀kẹta ní 2016. Ní 2021, ó tẹ ìlànà 497 jáde: bí méjì nínú mẹ́ta bá fẹnu kò, ẹjọ́ ti parí, ẹranko kankan kò kú. Nígbà tí wọ́n sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn ṣe òdiwọ̀n, àwọn mẹ́ta yìí sún mọ́ òótọ́ ju eku lọ.

Wọ́n á ní ti inú ìgò kò mọ irin, pé ohun olóròóró kì í yọ́ dáadáa nínú omi sẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àléébù ìgò fi di ẹ̀ṣẹ̀, tí ti eku sì jẹ́ ohun àmójúkúrò?

Láti ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2013, ìpara tàbí àtíkè tí wọ́n bá torí rẹ̀ dán èròjà wò lára ẹranko kò ṣeé tà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ìpara kò tán lórí àtẹ. Àmọ́ òfin tó de kẹ́míkà yòókù níbẹ̀ ní, láti 2016, kí wọ́n kọ́kọ́ lo àyẹ̀wò aláìlẹ́ranko. Bí ìyẹn kò bá tó, kí wọ́n lọ bá eku.

Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Kí OECD yọ ìlànà 406, ti guinea pig, àti 429, ti eku, kúrò nínú ìwé rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbé èsì etí eku tuntun wá síwájú NAFDAC ilẹ̀ Nàìjíríà tàbí àjọ ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n dá a padà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kà á yìí, bí ẹ bá fẹ́ ra ìpara, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é bóyá ó dán an wò lára ẹranko. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e padà sórí àtẹ.